Bí A Ti Ń Sunkún Èyí Tó Lọ, Ẹ Jẹ́ Kí Á Di Èyí Tó Kù Mú

Lóṣù tó kọjá a ṣe ìlérí pé ọ̀rọ̀ èlé orí owó ẹ̀yáwó ni a óò sọ ní ojú ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á gbé ìyẹn tì títí di oṣù tí ń bọ̀. Owó kò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ju owó lọ, ó sì ti pín ẹgbẹ́ wa sí méjì láti ọjọ́ ìpàdé gbogbogbòò.

Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń gbọ́ lẹ́nu èrò ọjà ti hu ìyẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bó ti rí gan-an. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ̀ wọ́n, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n kò pàdánù ohunkóhun.

Ọ̀kan nínú wa yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó fi ra ọ̀kadà tí yóò máa fi kó ata àti tòmátì láti oko wá sí ọjà. Ohun tó dára ni. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 16, mọ̀ ọ́n gùn. Ta ló kọ́ ọ? Bàbá rẹ̀ ni. Gbogbo wa la sì ń rí ọmọ yìí lọ́jọ́ ọjà tó ń gùn ún lọ, tó ń gùn ún bọ̀, tí a ń kí i pé, "Ọkọ mi, o kú iṣẹ́! Ọmọ tó ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́!" Ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tó já ẹrù sílẹ̀ tán, ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Wọ́n ń lọ síbi tí ẹlẹgbẹ́ wọn kan ti ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ó fẹ́ sáré kọjá lára ọkọ̀ akẹ́rù kan, yanrìn etí títì gbé táyà, wọ́n ṣubú. Kò sí akoto lórí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èyí tó jókòó sẹ́yìn kò dé ọsibítù. Èyí tó ń gùn ún, apá rẹ̀ kan ló kán.

Ìyá ọmọ tó kú, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Bàbá ọmọ tó gun ọ̀kadà, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ìsọ̀ àwọn méjèèjì kò jìnnà síra nínú ọjà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi le.

Nígbà tí a lọ kí ìyá náà, ohun tí gbogbo wa sọ ni ohun tí Yorùbá máa ń sọ: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n agbè mìíràn wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò yẹ̀ wò. Agbè yẹn ti sán, omi ń jò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwa kò mọ̀.

Ní òru ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé ọmọ tó yè náà kúrò nílùú lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Kò dé ibi ìsìnkú. Wọ́n kó gbogbo àwòrán tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ yà kúrò lára ògiri. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe orúkọ olóògbé létí rẹ̀. Wọ́n rò pé ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa níbí ńkọ́? Nínú ọjà, etí wa ni a fi gbọ́ ọ tí àwọn àgbà ń pe ọmọ náà ní "apànìyàn". Ẹnu kan náà tó ń pè é ní ọkọ mi ni o!

Ọmọ náà kò sùn lóru. Bó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó jẹun tán, ó bì í. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan ìní rẹ̀: bàtà fún èyí, ìwé fún tọ̀hún, fóònù fún àbíkẹ́yìn ilé. Ó ní òun kò nílò wọn mọ́. Àwọn ọmọdé ń yọ̀, wọ́n ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àǹtí rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́, rí i, àyà rẹ̀ já. Ó ti ìsọ̀ pa lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì í, ó sì bi í lójú kòrókòró pé, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?" Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti ń rò ó. Obìnrin náà kò pariwo, kò lù ú, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn mìíràn ń bá obìnrin náà wí pé kò yẹ kó bi ọmọdé ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, pé ó lè fi èrò burúkú sí i nínú. Rárá o. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti wádìí rẹ̀: bíbi èèyàn léèrè kì í ti èrò náà sí i lọ́kàn, ọ̀nà àbájáde ló máa ń là fún un. Bí kì í bá ṣe obìnrin yẹn, òkú méjì là bá máa sunkún rẹ̀ báyìí.

Kì í ṣe òun nìkan. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ọjọ́ ìbí pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án ọjọ́ náà pé, "Ẹ tètè máa bọ̀, à ń dúró dè yín." Títí di òní, ó gbà pé òun lòun pa á. Ọmọkùnrin kan tún wà. Òun gan-an ló kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà yẹn, ìyá rẹ̀ ló pè é pé kó wá pọn omi, ló bá sọ̀ kalẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ibi tí mo dìde kúrò ló kú sí." Àwọn ọmọ méjì yìí kò fi ara kan ìjàǹbá, kò sì sí ẹni tó kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀bi a máa ràn bí iná ọyẹ́, kì í mọ ilé ẹni tó dá a.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ìpàdé, ohùn méjì ló jáde. Àwọn kan ní kí á yọ bàbá ọmọ náà lẹ́gbẹ́, kí á má sì fi kọ́bọ̀ owó ìrànwọ́ kan ilé rẹ̀. Àwọn kejì ní kí á pa ọ̀rọ̀ náà dé: kádàrá ni, àmúwá Ọlọ́run ni, kí ẹnikẹ́ni má dá a sílẹ̀ mọ́. A bọ̀wọ̀ fún ohùn méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú tiwa, kò sí èyí tó lè gbé ọmọ náà dìde níbi tó ṣubú sí.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ inú ọmọ yẹn wò. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní ni ọ̀fọ̀: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, òun náà ṣòfò bí gbogbo wa, àní jù wá lọ. Èkejì ni ẹ̀bi tó jẹ́ tirẹ̀: ó sáré níbi tí kò yẹ kó ti sáré. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀bi tó jẹ́ ti àwọn àgbà tó wá di ẹrù lórí ọmọdé. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́? Ta ló yá bàbá rẹ̀ lówó láìbéèrè ẹni tí yóò gùn ún, láìbéèrè akoto? Àwa ni. Ìgbìmọ̀ wa ló fọwọ́ sí i. Àwa la sì ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ ọjà.

Bí a bá sọ fún un pé "kádàrá ni", a ti fo ẹrù kejì dá. Ọ̀rọ̀ yẹn lè tu òbí nínú, a kò ní kí á má sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀ pé ọwọ́ òun ló wà lórí ọ̀kadà. Bí gbogbo ayé bá ń sọ pé kò ṣe nǹkan kan, yóò gbà pé àwọn tó yí òun ká kò mọ òtítọ́, yóò sì dá nìkan gbé e. Bí a bá sì pè é ní apànìyàn, a ti di ẹrù kẹta lé e lórí. Apànìyàn a máa gbèrò. Kí ni ọmọ yìí gbèrò? Kéèkì ọjọ́ ìbí ló ń bá lọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iwájú ni ọmọ ń wò. Àwa àgbà ló yẹ ká wo ẹ̀yìn, ká rí ohun tó gbé e ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọgbọ́n àwọn baba wa. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn kì í sọ pé ó kú. Wọn á ní ó lọ sí Èkó, tàbí pé ó lọ sí ọjà. Wọn á gbẹ́ ère rẹ̀, wọn á máa wẹ̀ ẹ́, wọn á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn á máa fún un lóúnjẹ bí wọ́n ti ń ṣe fún èyí tó yè. Ọ̀pọ̀ wa lónìí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ti fi ère sílẹ̀, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ìkejì rẹ̀ bá lọ, òun náà lè fẹ́ tẹ̀ lé e. Nítorí náà, wọn kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Wọn kì í lé e lọ sí ìlú mìíràn. Wọn kì í sì fi ìkejì rẹ̀ pamọ́ fún un: wọ́n fún olóògbé ní àyè nínú ilé, kí alààyè lè rí ibi fojú sí.

Ẹ rántí ọkọ̀ òfuurufú Sosoliso tó já ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ọdún 2005. Èèyàn 110 ló wà nínú rẹ̀, àwọn 108 ló kú. Ọgọ́ta (60) nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Loyola Jesuit College ní Àbújá, tí wọ́n ń lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì. Èèyàn méjì péré ló yè. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni Kechi Okwuchi, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹni ọdún 16 nígbà náà, tí iná jó gidigidi. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọdún 2017 ni gbogbo ayé rí i tó ń kọrin níbi ìdíje America's Got Talent ní Amẹ́ríkà, tó sì dé ìpele àṣekágbá. Ọmọ yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe òun ló wa ọkọ̀. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìbéèrè ìdí tí òun fi yè tí àwọn ẹgbẹ́ òun kú dùn òun púpọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò jẹ̀bi rárá, ẹ wá wo ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀. Kí sì ni àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe? Wọn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ àwọn ọmọ náà. Wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sí ẹ̀bá Port Harcourt, Jesuit Memorial College, ní ìrántí wọn.

Nílé wa níbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, fi nǹkan kan han ayé ní Arò láti ọdún 1954. Dípò kí ó ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́ inú yàrá, ó ní kí wọ́n máa gbé lábúlé tó yí ọsibítù ká, kí ará ilé kan bá wọn gbé, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n máa gba oògùn. Àwọn dókítà láti ìlú òyìnbó wá wò ó. Ohun tí ó rí ni pé àárín èèyàn ni ọkàn tó gbọgbẹ́ ti ń jinná. Àwa wá gbé ọmọ tiwa kúrò láàárín èèyàn lóru.

Ó dáa, kí ni ká ṣe? Èrò tiwa nìyí:

1. Kí á má ṣe fi orúkọ olóògbé pamọ́. Ẹ pè é. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kù sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbà yòówù tó bá fẹ́ sọ ọ́, àní bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ lójoojúmọ́. Ẹ má sọ pé "ó ti tó." Bó bá dákẹ́, ẹ bá a jókòó.

2. Kí á gba òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ní "mo sáré jù", ẹ má jiyàn. Ẹ sọ pé, "Òótọ́ ni, o sáré. O kò fẹ́ kó kú. Àwa náà sì ní ẹ̀bi tiwa níbẹ̀." Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra.

3. Kí á ṣọ́ wọn. Ọmọ tí kò sùn, tí kò jẹun, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọtí tàbí igbó, tó ń sọ pé ayé sú òun, tó ń pín ẹrù rẹ̀ káàkiri, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ bi í. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tó ń ta oògùn kòkòrò, ẹ tì í mọ́ àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín.

4. Kí á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àdúrà dára, a kò ní kí á má gbà á. Ṣùgbọ́n apá tó kán, ṣebí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tò ó. Ọkàn náà ń kán. Kì í ṣe wèrè ni ọmọ náà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

5. Kí á dá wọn padà sílé-ẹ̀kọ́ àti sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kí àwọn tíṣà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ, kí ọmọbìnrin ọjọ́ ìbí àti ọmọ tó lọ pọn omi náà lè rí ibi sọ tẹnu wọn.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, kí á má yọ ẹnikẹ́ni. Bàbá ọmọ náà ní ẹ̀bi, kí ó dìde nípàdé kí ó gbà á. Ìgbìmọ̀ náà yóò dìde, yóò gba tirẹ̀. Kí owó ìrànwọ́ lọ sí ilé méjèèjì: ilé tí a ti sìnkú ni kó kọ́kọ́ dé, kí ó sì pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó dé ilé tí a ti ń lọ sọ́sibítù. Láti ìsinsìnyí lọ, kí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ọ̀kadà máa béèrè ẹni tí yóò gùn ún àti ìwé àṣẹ rẹ̀, kí owó akoto méjì sì wà nínú ẹ̀yáwó náà. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí èèyàn 1,190,000 ni ìjàǹbá ojú títì ń pa lọ́dún, àti pé nínú gbogbo ohun tó ń pa àwọn ẹni ọdún 5 sí 29 láyé, òun ló ṣíwájú. Lákòótán, ẹni tí a bá gbọ́ pé ó pe ọmọ yẹn ní apànìyàn nínú ọjà, kí ó san owó ìtanràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ohun kan kù tí a fẹ́ sọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá olóògbé ránṣẹ́ pe mẹ́ta nínú wa. A rò pé ẹjọ́ ló fẹ́ rò. Ohun tí ó wí ni pé, "Níbo ni ẹ gbé ọmọ yẹn sí? Òun ló rí ọmọ mi kẹ́yìn. Ẹ̀yin ń sọ pé ẹ kò fẹ́ kí n rí i kí inú má bàa bí mi. Ta ló wá fẹ́ sọ ohun tí ọmọ mi sọ gbẹ̀yìn fún mi?" Ojú tì wá. Láti oṣù méjì ni ọmọ kan ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún, tí ìyá kan sì ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àwa àgbà la dúró sáàárín wọn bí ògiri.

A mú ọmọ náà lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá náà kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì ṣépè. Ó ní kó dìde, kó jókòó. Ó bi í pé, "Kí ló sọ?" Ọmọ náà ní ẹ̀rín ni àwọn ń rín, pé ọ̀rẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò mọ ijó jó, pé bí àwọn bá débẹ̀ kí òun máa wo ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ìyá náà sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Òun náà nìyẹn." Kó tó di pé a lọ, ó bu omi fún ọmọ náà mu.

A kò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ti tán. Oorun ọmọ náà kò tíì dára tó, ìyá náà kò sì tíì lè kọjá níwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti padà sílé, ó sì wà láàyè.

Ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ ni a óò dìbò lórí àwọn àbá wọ̀nyí. Ẹ̀yin tó bá ní ìdí tí ẹ kò fi gbà wọ́n, ẹ wá sọ ọ́ níbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ lábẹ́ igi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run yóò tu àwọn òbí olóògbé nínú, kò ní jẹ́ kí á rí irú rẹ̀ mọ́. Yóò sì bá wa dá àwọn ọmọ tó kù sí.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Ìgbìmọ̀ Olóòtú